Níbo n'Ìbàdàn ni mo ti lè rí aṣọ iṣẹ́ tó bóde mu, tí kò ní gbówó lórí?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, aṣọ ọmọléèwé ló sì kún àpótí mi. ₦30,000 ni mo lè ná títí owó oṣù yóò fi wọlé. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan, búláòsì méjì, àti àǹkárá fún ọjọ́ Ẹtì ni mo ń wá.

Mo ti wo òkìríkà. Síkẹ́ẹ̀tì kan wù mí lórí àtẹ kan, ó jọ tuntun gan-an. Àfìgbà tí mo yí i sódì, ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ sípù ti ya, wọ́n fi òwú búlúù rán an pọ̀. Ẹni tó tà á ṣì ń búra pé kò lábùkù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà Ògùnpa, ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń tú ẹrù tuntun, kí n tètè dé kí wọ́n tó ṣa èyí tó dáa lọ?

Ní ti àǹkárá, ṣé wọ́n ń gé yáàdì mẹ́ta ní Gbági, àbí odindi mẹ́fà ni dandan? Owó télọ̀ gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ̀yin àǹtí, èló lẹ̀ ń san fún búbá àti síkẹ́ẹ̀tì báyìí? Ẹ má darí mi sí ṣọ́ọ̀bù Bódìjà o, ojú lásán ni mo lè fi rajà níbẹ̀.