Ọmọ ń gba 80 nínú ìdánwò kíláàsì, ó ń gba 40 nínú mock Common Entrance: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Kubwa
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Pírámárì 5 ni mò ń kọ́, ọmọ 40. Nínú ìdánwò ìparí táàmù, ọ̀pọ̀ wọn ń gba 75 sí 85. A wá ra mock Common Entrance, ìyẹn ìdánwò àfidánrawò fún ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama, láti ìta fún wọn, ọ̀pọ̀ ò kọjá 45, àwọn kan tiẹ̀ gba 22. Ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ ká ra past question sí i, kí lẹ́sìnnì sì máa parí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n tún ní kò séwu, pé máàkì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Abuja fún ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ kò pọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa
Ẹ má tíì ra ìwé kankan. Àwọn ìwé ìdáhùn tí wọ́n ti kùn yẹn, ẹ wá wọn jáde, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Wọ́n ń gba 80 nílé torí pé ẹni tó kọ́ wọn náà ló ṣe ìbéèrè, látinú nóòtù kan náà, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà. Ọmọ lè rántí gbólóhùn láìjẹ́ pé ó yé e. Ìdánwò ìta yí gbólóhùn padà, ohun tó há sórí kò wúlò mọ́. Ti 22 tún yàtọ̀: bí ìdáhùn bá wà láti A dé E, ẹni tó kàn dijú kùn ún máa gba nǹkan bí 20 nínú 100. Ọmọ tó gba 22, bóyá kò lè ka ìbéèrè rárá, tàbí nǹkan kan ṣe ìwé ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ fa ìlà sórí ìwé gbàǹgbà kan, orúkọ ọmọ lápá òsì, nọ́ńbà ìbéèrè lókè. Ẹ má kọ pé ó gbà á tàbí kò gbà á. Lẹ́tà tó mú gan-an ni kí ẹ kọ. Ẹ tò wọ́n láti orí ẹni tó ga jù, kí ẹ mú 11 tó wà lókè pátápátá àti 11 tó wà nísàlẹ̀. Lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ iye tó gbà á nísàlẹ̀ kúrò nínú iye tó gbà á lókè, kí ẹ fi 11 pín in. Bí 9 bá gbà á lókè, tí 3 gbà á nísàlẹ̀, 6 tó kù, tí a bá fi 11 pín in, á fún wa ní nǹkan bí 0.55. Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó ń ya ẹni tó mọ̀ sọ́tọ̀. Bí àwọn ìsàlẹ̀ bá ń gbà á ju àwọn òkè lọ, ẹ yẹ ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìwé wò kí ẹ tó bá ọmọ wí. Nínú mock tí à ń rà lọ́jà, ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ lè má tọ̀nà.

Ẹ wá wo ibi tí àwọn tó kùnà kóra jọ sí. Ẹ jẹ́ ká mú quantitative, níbi tí ọmọ ti ń wá òfin tó so nọ́ńbà pọ̀. Àpẹẹrẹ mẹ́ta: 3 àti 4 di 14, 5 àti 1 di 12, 2 àti 6 di 16. Ìbéèrè: kí ni 6 àti 3 máa dì? 18 ni, torí a ro méjèèjì pọ̀, a sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ bá mú 20, wọn ò dijú mú un o. Àpẹẹrẹ kìíní nìkan ni wọ́n wò: 3 lọ́nà 4 jẹ́ 12, ẹ fi 2 kún un, 14. Ó bá a mu, wọ́n bá sáré lọ. Ká ní wọ́n dán an wò lára ìkejì ni, 5 lọ́nà 1, ẹ fi 2 kún un, 7 ni wọn ì bá rí. Ìṣirò kọ́ ni wọn ò mọ̀. Ẹ kọ́ wọn pé òfin tí kò bá gba inú àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, kí wọ́n pa á tì. Ká máa ka "1 A, 2 C, 3 D" sí wọn létí nínú lẹ́sìnnì kò lè fi èyí hàn wọ́n láéláé.

Ìyá Ìbejì Lugbe
Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ti ìwé ìdáhùn ni mo fẹ́ fi kún un. Ọmọ fo ìbéèrè 14 torí ó le, ó wá kùn ìdáhùn 15 sí ìlà 14. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹ tún ìwé àwọn tó gba 22 yẹn máàkì: ẹ fi ìlà 14 wé ìdáhùn 15, ìlà 15 wé ìdáhùn 16. Bí máàkì bá fò sókè, ẹ ti rí i. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ìdáhùn, kí wọ́n máa fi pẹ́ńsùlù HB ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ìbéèrè mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ọmọ fi ìka wò ó bóyá nọ́ńbà méjèèjì bára mu. Kí ìrésà wọn sì rọ̀. Bí èyí tó pa bá ṣì hàn, ẹ̀rọ tó ń máàkì ìwé lè kà á sí ìdáhùn méjì.

Alàgbà Karu
Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti ṣẹ̀ wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìlú tó ti ṣe ìdánwò. Nínú máàkì àbáwọlé tó jáde lọ́dún 2013 (kì í ṣe nínú 100 o), FCT, ìyẹn Abuja, jẹ́ 90, Kwara 123, Ọ̀yọ́ 127, Ògùn 131, Èkó 133. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kubwa, 127 ni tirẹ̀ lọ́dún náà. Nọ́ńbà lè yí padà, ẹ ṣáà má fi ti Abuja tan àwọn òbí jẹ.

Tíṣà Kubwa
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìwé méjì nínú àwọn tó gba 22 ló yẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan rú mi lójú: obìnrin kan ra dozen ẹyin mẹ́ta, ₦150 ni ẹyin kan, èló ni gbogbo rẹ̀? ₦5,400 ni, torí ẹyin 12 ni dozen kan, àmọ́ ọ̀pọ̀ mú ₦450.

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa
3 lọ́nà 150 ni wọ́n ṣe. Ìsọdipúpọ̀ wọn pé. "Dozen" ni wọn ò mọ̀. Yorùbá nílé, Hausa níta, Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò. Ẹ kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ: dozen, remainder, product, difference, each. "How many more" ló burú jù, bí ọmọ bá ti rí "more" báyìí, ó ti ro ó pọ̀ nìyẹn, nígbà tó yẹ kó yọ ọ́. Ẹ fi èdè tó gbọ́ ṣàlàyé, kẹ́ ẹ tó padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ka ọ̀rọ̀ 100 látinú ìwé Pírámárì 3 sí yín létí. Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ tó ju 10 lọ kà, ìwé kíkà ni kí ẹ fi lẹ́sìnnì tirẹ̀ ṣe, past question kò tíì kàn án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fún wọn ní mock mìíràn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti rí, kẹ́ ẹ tún to lẹ́tà wọn bákan náà.