Ẹ̀yìn Tó Ń Sàn Bí Mo Bá Tẹ̀ Síwájú

Bí ẹ̀yìn bá ń dun àwa tí a ti lé ní 60 ọdún, ibi tó ti ń dùn wá ni gbogbo ènìyàn máa ń béèrè. Ìwọ̀nba ni ẹni tó ń béèrè ìgbà tó ń sàn. Tèmi, ìgbà tó ń sàn ló tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mo ń gbé, ẹni tó bá sì mọ ìlú wa mọ̀ pé kò sí ibi tí a ń lọ tí a kò ní gun òkè. Bí mo bá ń gòkè, tí ara mi tẹ̀ síwájú, n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kan náà, ìbàdí àti itan mi á wúwo, ẹsẹ̀ mi á máa jó mi bí iná títí màá fi rí ibi tí màá jókòó sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí orin tó parí ni mo ti máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ẹ̀yìn àga iwájú mi. Àwọn ará ilé rò pé mo ń díbọ́n, nítorí wọ́n máa ń rí mi tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo ń fi ọkọ́ ro ẹ̀gbẹ́ ilé láìkérora. Ìyá kan ládùúgbò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó sì se àgbo fún mi. Àgbo náà korò dáadáa, ẹ̀yìn kò sì gbọ́.

Ní Adó-Èkìtì, dókítà gbé àwòrán ẹ́síréè mi sójú iná, ó sì fi bírò tọ́ka sí eegun 5 tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ní kèrékèré kan wà láàárín eegun kan sí èkejì bíi tìmùtìmù, omi inú rẹ̀ sì máa ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, tí yóò fi máa fẹ́lẹ́, pàápàá láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún, àti láàárín ìkarùn-ún àti eegun ìdí. Etí eegun náà a máa hù síta, iṣan tó de àwọn eegun mọ́ra a máa nípọn, àyè tí fọ́nrán ìmọ̀lára tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá á wá há. Bí ènìyàn bá nàró, ó tún há sí i. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, ó ṣí díẹ̀. Òkè Ẹ̀fọ̀n ti ń sọ ọ́ fún mi tipẹ́!

Ó tún ní ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní irú àwòrán yìí tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Mo gbà á gbọ́, nítorí eegun ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkẹ́rẹ́ jẹ ju tèmi lọ nínú àwòrán, síbẹ̀ òun ló ń gúnyán ilé rẹ̀.

Ìdárayá ni wọ́n fún mi: kí n dùbúlẹ̀, kí n fa orúnkún mọ́ àyà, kí n sì máa rìn níwọ̀nba, kí n jókòó kí ìrora tó dé. Wọ́n kìlọ̀ pé kí n má máa ra oògùn ìrora lò fúnra mi, nítorí púpọ̀ nínú wọn ń ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá dédé há tàbí tí kò ṣeé mú mọ́ra, bí abẹ́ àti àárín itan bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn lára mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.