Irú wáyà wo ni ó yẹ nínú ańpílífáyà oní-fáàfù?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fẹ́ to ańpílífáyà gìtá oní-fáàfù (ìyẹn èyí tó ń lo àwọn gíláàsì oníná bíi ti rédíò àtijọ́) fún ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Fáàfù kékeré ECC83 kan ni yóò wà níwájú, fáàfù alágbára EL84 méjì lẹ́yìn, iná tí yóò sì máa bọ́ wọn yóò tó nǹkan bíi 300 fóòtì (volt, òṣùwọ̀n agbára iná) lẹ́yìn tí ó bá ti di DC (iná tí ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo). Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti pé, wáyà tí n óò fi so wọ́n pọ̀ nìkan ló kù. Àwọn kan ní àfi wáyà fàdákà tí wọ́n fi Teflon (irú rọ́bà kan tó ń gba ooru) bò, pé òun ló ń mú kí ohùn mọ́. Àwọn mìíràn ní kí n tú wáyà nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà, nítorí pé ó wà káàkiri ní Adó. Mi ò fẹ́ náwó sórí ohun tí kò wúlò, mi ò sì fẹ́ ohun tí yóò ṣe ẹni tó ń ta gìtá náà léṣe. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n rà?

Bàbá Rédíò, Adó
O kú ìmúra, àbúrò mi. Rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ 600 fóòtì sí lára ni kí o rà, má ra ti 300, nítorí pé nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, tí àwọn fáàfù kò tíì gbóná débi tí wọn yóò máa fa iná, fóòtì yẹn máa ń ga ju iye tí o ń retí lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ dáyóòdù, kì í ṣe fáàfù, ló ń sọ AC (iná tí ń lọ tí ń bọ̀) di DC. Bí rọ́bà náà bá jẹ́ PVC (rọ́bà wáyà lásán) tó lè gba ooru tó 105 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, ó tó fún iṣẹ́ rẹ.

Ní ti fàdákà, òótọ́ ni pé iná ń gba inú rẹ̀ kọjá ju bàbà lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wáyà bàbà nọ́ńbà 22 (nọ́ńbà tí a fi ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó) tí ó gùn tó 15 sẹ̀ǹtímítà kò ní ju 0.008 óòmù (òṣùwọ̀n ìdènà iná) lọ, bẹ́ẹ̀ rẹ̀sístọ̀ (ẹ̀yà tí ń dènà iná) tí a sábà máa ń so mọ́ pléètì (ẹsẹ̀ kan lára fáàfù) ECC83 jẹ́ 100,000 óòmù. Etí ta ni yóò gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn? Owó fàdákà náà, fi ra tíráńsífọ́mà tó dára.

Má fi wáyà nẹ́tíwọ̀kì gbé iná ńlá. Rọ́bà rẹ̀ máa ń yọ́ kíákíá bí o bá ń jó lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi so wáyà pọ̀), púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà sì jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lásán. Fi ọ̀bẹ họ ọ́; bí inú rẹ̀ bá funfun, fi í sílẹ̀, nítorí pé lẹ́ẹ̀dì kì í mú alumíníọ̀mù dáadáa.

Ìyá Àràmọ̀kọ́
Ẹ kú àlàyé, bàbá. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín nípa fàdákà, ṣùgbọ́n n kò ní fi ọwọ́ rọ́ Teflon sẹ́yìn, torí pé EL84 máa ń gbóná gan-an, Teflon sì ń gba ooru tó 200 láìsúnkì nígbà tí irin lẹ́ẹ̀dì bá kàn án. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó le láti bó láìgé bàbà inú rẹ̀, bí ó bá sì fara ti etí irin mímú fún ìgbà pípẹ́, irin náà lè wọ inú rẹ̀. Fi rọ́bà sí gbogbo ihò tí wáyà bá gbà kọjá.

Àbúrò mi, ohun tí yóò jẹ́ kí ańpílífáyà rẹ máa kùn tàbí kó dákẹ́ ni bí o ṣe to wáyà náà. EL84 kọ̀ọ̀kan ń fa 0.76 áńpíà fún híítà (okùn tó ń mú inú fáàfù gbóná), ECC83 ń fa 0.3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.82 áńpíà ní 6.3 fóòtì AC. Nọ́ńbà 18 tàbí 20 ni kí o lò níbẹ̀, èyí tó jẹ́ bàbà kan ṣoṣo, kì í ṣe fúlẹ́ẹ̀sì (ọ̀pọ̀ okùn bàbà tín-ín-rín), kí o lọ́ méjèèjì mọ́ra wọn pinpin, kí o sì tẹ̀ wọ́n mọ́ igun àpótí irin. Bí o bá lọ́ wọn bẹ́ẹ̀, agbára mágnẹ́ẹ̀tì ti ọ̀kan yóò máa pa ti èkejì. Bí wáyà gríìdì (èyí tó ń gbé ohùn gìtá wọ inú fáàfù) bá gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀, jẹ́ kí ó dábùú wọn, má jẹ́ kí ó bá wọn rìn. Láti ojú ihò tí a ń ki wáyà gìtá bọ̀ lára ańpílífáyà dé ECC83, lo wáyà tí wọ́n hun àwọ̀n bàbà yí ká, kí o sì so àwọ̀n náà mọ́ ilẹ̀ ẹ̀rọ (ojú tí iná ti ń padà) ní ìpẹ̀kun kan ṣoṣo.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Mo dúpẹ́ púpọ̀, mà. Mo dúpẹ́, sà. PVC ni n óò lò káàkiri, Teflon níbi EL84. Ṣé mo lè fi wáyà ilé 1.5 so àpótí irin mọ́ áàtì (earth, wáyà ààbò tó wọ ilẹ̀)?

Bàbá Rédíò, Adó
Ó dára bẹ́ẹ̀. Fi bóòtì tirẹ̀ nìkan dè é, kí o fá ọ̀dà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wádìí bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì ìjọ yín ní áàtì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé níbí kò ní in, okùn gìtá tí ẹni tó ń ta á ń tẹ̀ sì so mọ́ àpótí irin náà tààrà. So rẹ̀sístọ̀ 220,000 óòmù tó lè gba wáàtì 2 mọ́ kàpásítọ̀ ńlá (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná DC) náà, kí iná inú rẹ̀ lè máa jò tán bí o bá ti pa ẹ̀rọ, kí o sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí o tó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀.