Ẹ wá sọ tiyín: ohun tójú wa ti rí ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà l'Óṣogbo

Ọmọ Òròkí:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìkórè ti ń súnmọ́, ẹgbẹ́ kan ti ń ra aṣọ, ẹgbẹ́ kejì ṣì ń jà lórí àwọ̀, ni mo bá ní ká jókòó síbí ká máa sọ ohun tójú kálukú ti rí. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀.

Apá Òkè-Fìà ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí àwọn àgbà ìjọ ń ka nǹkan tá à ń kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Òṣogbo, ẹ mọ̀ pé agbo ilé tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ò ti jọ wà ṣọ̀wọ́n. Iléèwé ìjọ ni bàbá mi lọ tó fi di onígbàgbọ́, àbúrò ẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ sílé kéú, ó lọ sí Mẹ́kà, Alhaji ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí ìkórè ìdílé wa kan tí Alhaji ò ní í wá. Á wọ agbádá funfun, á jókòó sí bẹ́ńṣì kẹta níwájú, tí wọ́n bá ní ká dìde á dìde, tí wọ́n bá ní ká kúnlẹ̀ á jókòó ẹ̀ jẹ́ẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá di Iléyá, àwa náà la máa ń kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀, ẹran ò ní tíì jiná tá a ti máa dé.

Ìsìn parí lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ku gbàǹjo. Wọ́n ti to iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké, òróńbó àti gààrí síwájú, wọ́n so ewúrẹ́ méjì mọ́ òpó kánópì níta. Bàbá tó máa ń lu gbàǹjo fún wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, bàbá yẹn lè fi ẹnu ta iṣu kan ní iye owó ewúrẹ́, tẹ́ ẹ bá mú owó wá látilé kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Ó ta ta ta, ó wá gbé agbọ̀n kan sókè tí wọ́n fi ìwé ìròyìn bò tí wọ́n fi okùn dì yíká, ó ní "ẹ má bi mí léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀ o, ẹgbẹ̀rún kan náírà la fi bẹ̀rẹ̀."

Alhaji àti wọ́dìnì ìjọ, ìyẹn ọmọ ìjọ tó ń bá àlùfáà bójú tó ìjọ, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Tí ọ̀kan bá ti dá owó, dandan ni kí èkejì fi lé e. Wọ́dìnì ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, Alhaji ní mẹ́wàá, wọ́dìnì ní méjìlá, Alhaji ní ogún, wọ́n ń bá a lọ báyẹn, Ìyá Ìjọ sì ti fi háńkáṣíìfù bo ẹnu, mi ò tètè fura. Ó di ₦25,000, wọ́dìnì jókòó, ó ní òun ò ṣe mọ́. Wọ́n lu agogo. Alhaji ní kí wọ́n gbé ẹrù òun wá. Bí ọmọ kan ṣe gbé agbọ̀n yẹn báyìí, ohun tó wà nínú ẹ̀ jí, ló bá ké "wíììì!"

Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni!

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Onílù ju ọ̀pá sílẹ̀. Alhaji wo agbọ̀n, ó wo wọ́dìnì, wọ́dìnì ti wà nílẹ̀ níbi tó ti ń fẹ̀rín pa ara ẹ̀, ìgbà yẹn ló hàn pé òun gan-an ló mú un wá láti oko ẹ̀. Alhaji ò sọ nǹkan kan, ó ka owó ẹ̀ pé fún akápò, ó wá gba máìkì. Ó ní "mo ti ra á, mo sì ti fi í ta Ọlọ́run lọ́rẹ, ẹ tún un lù, ọ̀rẹ́ mi yìí ni kẹ́ ẹ sì tà á fún." Wọ́n tún un lù lóòótọ́, gbogbo ìjọ kọ̀, kò sẹ́ni tó dá owó àyàfi wọ́dìnì, wọn ò sì jẹ́ kó rà á ní pọ́ọ́kú. Báyìí ni ìjọ ṣe gbowó ẹlẹ́dẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ ọmọ Alhaji, Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pe wọ́dìnì títí dòní, á sì máa dáhùn.

Àwọn kan máa ń sọ pé owó nìkan ni wọ́n ń fi ìkórè wá. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n èmi ò mọ ibòmíì tí àwọn méjèèjì yẹn ti lè ṣe irú eré yìí níṣojú fíkà, àlùfáà ìjọ wa, àti gbogbo ẹbí.

Alto Kejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ o, ọ̀gá mi ń wò mí 😂😂

Ẹgbẹ́ akọrin ni tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sísàlẹ̀ ẹ kàn ń rí wa bá a ṣe ń wọlé lẹ́sẹẹsẹ ni, ẹ ò mọ ooru tó wà nínú kásọ́ọ̀kì tí wọ́n tún wá fi súpílísì lé lórí, lóṣù kọkànlá, l'Óṣogbo. Áńtíìmù ìkórè ọdún yẹn, oṣù méjì la fi kọ́ ọ, sọ́fà, ìyẹn do-re-mi, la fi kọ́ ọ látòkè délẹ̀, tẹ́nọ̀ ò tètè mọ tiwọn, ìgbà gbogbo ṣáà ni tẹ́nọ̀. Ọjọ́ pé, a dé àárín orin, iná lọ. Ọ́gáànì kú fin-ín. Ẹni tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ti lọ síbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì. Kọ́áyámásítà gbé ìka kan sókè, ó fojú sọ fún wa pé ẹni tó bá dákẹ́ òun á bá a nílé, la bá ń kọ ọ́ lọ lẹ́nu lásán.

Iná padà dé nígbà tó ku ojú ewé kan. Ọ́gáníìsì rọra tẹ nóòtù kan ṣoṣo, ó gbọ́ pé ohùn wa ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, ó yára yọwọ́, ó ká apá mọ́ra títí a fi ṣe Àmín. Gbogbo ìjọ dìde pàtẹ́wọ́! Wọ́n rò pé bá a ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bàbá kan tiẹ̀ wá fún wa lówó, ó ní ibi tí ọ́gáànì ti dákẹ́ yẹn ló wọ òun lára jù. Kọ́áyámásítà ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ìsìn ìrọ̀lẹ́.

Ará Alẹ́kúwodò:
Ẹ má bínú, tèmi ò pani lẹ́rìn-ín. Ohun tó ń ká mi lára nínú ìkórè ni ìwé orúkọ tí wọ́n máa ń kà. Lọ́dún tí iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ fún mi, ₦2,000 ni mo rí fi sínú ẹ́ńfílópù. Akọ̀wé dìde, ó bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó ṣe ńlá, orúkọ àti iye, onílù ń kì wọ́n, wọ́n ń jó bọ̀ wá síwájú. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ń fúyẹ́. Nígbà tó fi máa kan àwa ìsàlẹ̀ ìwé, ó wojú aago, ó ní "àti àwọn yòókù." Ìyá opó kan jókòó tì mí, ó yíjú sí mi, ó ní "ọmọ mi, àwọn yòókù ni wá o." A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ n ò jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló ń ṣe é, ẹ má bi mí pé èwo ni.

Ọmọ Òròkí:
Òótọ́ lẹ sọ bùrọ̀dá. Lọ́dọ̀ wa wọ́n ti yí i, orúkọ nìkan ni wọ́n ń kà báyìí, kò sí iye. Owó tó wọlé dínkù o, ká sọ tòótọ́, wọ́n sì fà á gan-an ní PCC, ìgbìmọ̀ ìjọ, ṣùgbọ́n fíkà ní òun ò ní padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ kárí.

Alto Kejì:
Ẹni tó bá fẹ́ ká mọ iye tóun fi sílẹ̀, kó lọ háyà onílù tiẹ̀ jàre.

Bàbá Ọlá-Ìyá:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí Bíṣọ́ọ̀bù ní All Saints ní Balógun Agoro nígbà tó bá wù yín, ẹ ò mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó dá Dáyósíìsì Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1987, abẹ́ Ìbàdàn la wà, láti Ìbàdàn ni Bíṣọ́ọ̀bù ti máa ń wá gbọ́wọ́ lé wa lórí fún kọnfamáṣọ̀n. Tẹ́ ẹ bá pàdánù ẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ máa dúró dìgbà tó bá tún wá. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi katikísímù yọ wá lẹ́nu kó tó dé, ìbéèrè àti ìdáhùn, ká mọ̀ ọ́n lórí, kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́, kí ni orúkọ rẹ. Èkejì, ta ló fún ọ ní orúkọ yìí. Ìdáhùn tó wà nínú ìwé ni pé àwọn bàbá àti ìyá ìsàmì mi ni, nígbà tí wọ́n ṣe ìsàmì fún mi. Wọ́n bi ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní "ìyá ìyá mi ni sà, lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n sì fi ṣílè kan sínú àwo omi kí wọ́n tó pè é." Tíṣà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní "ó rí bẹ́ẹ̀ sà, ìyá mi wà níbẹ̀." Wọ́n nà án. Wọ́n tún bi í lọ́jọ́ kejì, ó tún ní ìyá ìyá òun ni. Ọ̀dọ̀ kátíkíìsì ni wọ́n gbé e lọ kẹ́yìn, ìyẹn rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ kó gba kọnfamáṣọ̀n ẹ̀, kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ. Alàgbà ńlá ni lónìí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú àgbà bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa sà. Èmi fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù kẹjọ ni. Wọ́n kéde ìgbéyàwó àbúrò mi lọ́kùnrin ní Sọ́ńdè mẹ́ta bó ṣe yẹ, wọ́n ní ẹni tó bá mọ ìdènà kó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó yanu. Àṣé ìdènà ń bẹ, a ò wo kàlẹ́ńdà! Ọjọ́ Fráídè tó ṣáájú ni àṣekágbá ọdún Ọ̀ṣun. Ẹ sì mọ̀ pé látìgbà tí UNESCO ti gba igbó Ọ̀ṣun wọlé ní 2005, ayé ló ń wá. Àwọn àna wa láti Èkó ò rí yàrá òtẹ́ẹ̀lì kankan. Àwọn ọlọ́pàá ti di ọ̀nà láti ààfin torí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, fẹ́ kọjá, mọ́tò tó gbé kéèkì ò lè wọlé, ni obìnrin tó ṣe kéèkì bá bọ́ sílẹ̀, ó gbé páálí kéèkì rù, aṣọ funfun ló wà lọ́rùn ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wọ àárín èrò, gbogbo wọn aláṣọ funfun, ni wọ́n bá ń yà fún un lọ́nà, àwọn kan ń gbàdúrà lé e, àwọn oyìnbó ń ya fọ́tò ẹ̀! Ó ní àdúrà yẹn, àmín lòun ń ṣe, ọwọ́ òun ò ráyè jiyàn. Ilé fíkà àti kíláàsì iléèwé ṣọ́ọ̀ṣì làwọn àna sùn, lórí ẹní.

Ìyàwó Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ìyá Ìbejì ẹ ò ní í dáa 😂 Oyìnbó á ti gbé fọ́tò kéèkì lọ sílé pé ẹbọ ni.

Èmi, ilé mùsùlùmí ni wọ́n fẹ́ mi sí, ọkọ mi nìkan ló ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún 2025, Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, Ọjọ́rú Eérú tí àwa fi ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún, a wá jọ ń gbààwẹ̀ nínú ilé kan náà. Ìyá ọkọ mi ń jí sáàrì, èmi náà á jí bá wọn gbé omi kaná, inú wọn dùn. Ìgbà tó di Sọ́ńdè ni wàhálà dé. Wọ́n rí mi tí mò ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án. Mo ṣàlàyé pé Sọ́ńdè ò sí nínú ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì, wọ́n ní "ṣé Ọlọ́run tiyín máa ń lọ fún hólídè ni?" Wọ́n pe àwọn ìyàwó yòókù wá gbọ́ o.

Èyí tó wá gbẹ̀yìn ẹ̀ ni pé Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Sọ́ńdè Àwọn Ìyá, ìkẹrin nínú Lẹ́ńtì, ọjọ́ kan náà ni méjèèjì bọ́ sí, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta. Èmi ni wọ́n yàn láti ka ẹ̀kọ́ kejì fún ẹgbẹ́ ìyá, MU, ilé sì kún fún ẹran àti ata tí wọ́n fẹ́ sè. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti wà nídìí ààrò. Ìyá ọkọ mi jáde wá, wọ́n rí mi tí mò ń fi ọwọ́ kan ro àmàlà, tí mo gbé Bíbélì sórí àpótí tí mò ń fi ojú kà á, wọ́n gba orógùn lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní "lọ wẹ̀, MU ò gbọdọ̀ rùn ata." Bí wọ́n ṣe ń lọ sí yídì ni mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a jọ jáde lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún dá mi dúró, wọ́n bá mi tún gèlè wé, wọ́n ní báwo ni mo ṣe máa wé e báyẹn lọ síwájú èèyàn.

Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, wọ́n ti bu tèmi sọ́tọ̀, àwo ńlá. Mo jókòó, mo ṣí i, wọ́n ní "jẹun o, Sọ́ńdè ṣáà ni."