Àkekèé ń wọlé wa, ológbò mi sì ń lé e: ṣé ewu wà?

Ìyá Àwọn Ọmọ, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Ilé àtijọ́ là ń gbé, onílé sì ti kó búlọ́ọ̀kù àti pákó jọ sẹ́yìnkùlé tipẹ́tipẹ́. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni àkekèé ti ń jáde níbẹ̀. Lálẹ́ àná, mo bá ológbò wa tó dojú kọ ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó na ẹsẹ̀ iwájú, ó gbá a, ó fò sẹ́yìn. Àkekèé gbé ìrù sókè, kò tiẹ̀ sá. Bàtà ni mo fi pa á. Ológbò jẹun láàárọ̀ yìí, ó ń rìn dáadáa, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé oró àkekèé lè pa á? Ìyá onílé ní kí n da ọ̀tapíàpíà sí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ológbò, Ṣómólú
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Àkekèé ti ta tèmi rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń tiro, ó ń lá ibẹ̀ ṣáá, kò fẹnu kan oúnjẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti ń fò sórí fèrèsé. Ọmọ ológbò ni ẹ̀rù máa ń bà mí fún, torí ara kékeré ò lè gba oró púpọ̀.

Bàbá Ìbejì, Mushin
Epo pupa ni o! Ẹ ra á sílé. Bó bá ti ta á, ẹ rọ díẹ̀ sí i lẹ́nu.

Dókítà Ẹranko, Ìkẹjà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Epo pupa kì í pa oró. Tí ẹ bá rọ ọ́ sí ẹranko tí ara ń ni lẹ́nu, ó lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn á sì di àìsàn mìíràn. Mílíìkì náà ò wúlò. Paracetamol ńkọ́? Hóró kan ṣoṣo lè pa ológbò, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò lè yọ oògùn náà kúrò lára bíi tiwa.

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn. Àkekèé dúdú ńlá tí ẹ̀mú rẹ̀ tóbi yẹn máa ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Èyí tí ẹ̀mú rẹ̀ tín-ín-rín, tí ìrù rẹ̀ sì ki, ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Tó bá ta ológbò, ẹ fi omi tútù nu ojú ibẹ̀, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má dè é, kí ẹ sì fi í síbi tó pa rọ́rọ́. Bó bá ń bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tapíàpíà yẹn bà mí lẹ́rù ju àkekèé lọ. Májèlé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré 100ml rẹ̀ lọ́dún 2019, síbẹ̀ a ṣì ń rí i rà lójú pópó. Ológbò á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á wá jókòó, á máa lá àtẹ́lẹsẹ̀ àti irun ara rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi wọnú. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn eégbọn ajá tí permethrin wà nínú rẹ̀: kò ṣe ajá ní nǹkan, ológbò ló ń pa. Àwọn ológbò tí májèlé ilé gbé wá bá mi pọ̀ gan-an ju èyí tí àkekèé ta lọ, ó sì ń dùn mí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Òótọ́ ni dókítà sọ. Ìyá wa, tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú owó wò, ẹ ra ọ̀kan. Ẹ pa iná, kí ẹ tàn án sẹ́yìnkùlé lálẹ́: àkekèé á máa tàn yòò bí ewéko tútù, ẹ ó rí i kedere. Igi gígùn tàbí ẹ̀mú iná ni kí ẹ fi mú un, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n kó búlọ́ọ̀kù yẹn kúrò, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ògiri tó ti là, kí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ihò omi balùwẹ̀. Aáyán ni oúnjẹ rẹ̀. Tí aáyán bá dínkù, òun náà á wá ibòmíì lọ.

Ará Ìkòròdú
Dókítà, ọ̀pọ̀lọ́ àti ọmọnílé ńkọ́? Ológbò mi kì í fi ọmọnílé sílẹ̀.

Dókítà Ẹranko, Ìkẹjà
Ọmọnílé ò ní oró, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ pé ó ní in kì í ṣòótọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù díẹ̀: omi funfun tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ máa ń mú kí ológbò yọ ìfòfò lẹ́nu. Ẹ fi aṣọ tútù nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀ kí omi má wọ òfun. Tí ejò bá bu ú jẹ, ilé ìwòsàn ẹranko ni tààrà. Bí ṣèbé bá tutọ́ sí i lójú, ẹ bu omi mímọ́ sí i dáadáa kí ẹ tó jáde nílé.

Ìyá Àwọn Ọmọ, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Mo ti bá onílé sọ̀rọ̀, ó gbà kí àwọn ọmọkùnrin kó búlọ́ọ̀kù náà lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò ní da ọ̀tapíàpíà kankan. Dókítà, kọ́ílì ẹ̀fọn tí à ń tàn lálẹ́ ńkọ́?

Dókítà Ẹranko, Ìkẹjà
Èéfín rẹ̀ ò dára fún yín tàbí fún ológbò, màmá. Ẹ má tàn án nínú yàrá tí ológbò ń sùn sí. Nẹ́ẹ̀tì ló dára jù fún gbogbo yín, àwọn ọmọ pẹ̀lú.