Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ àárẹ̀ àwọn tó ní MS?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Alàgbà tó kọ̀wé láti Ṣàgámù dábàá pé nínú ìwé ìlera tí a fẹ́ kọ fún àwọn tó ní àrùn multiple sclerosis, tí wọ́n ń pè ní MS, kí a pe àárẹ̀ tó ń bá wọn jà ní "ìrẹ̀wẹ̀sì ara", kí a sì pe ohun tí dókítà ní kí wọ́n máa ṣe sí i ní "eré ìdárayá". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ èkíní rárá.

Ọkàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá. Bí a bá lò ó, ohun tí ìyá ọkọ yóò gbọ́ ni pé iṣẹ́ ni ìyàwó kò fẹ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ti ń ba ohun tó bo iṣan ìmọ̀lára jẹ́, tí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kì í fi í tètè jẹ́. "Àárẹ̀" nìkan náà kò tó, torí bí a bá ní bàbá ń ṣàárẹ̀, àìsàn ni gbogbo Ìjẹ̀bú gbọ́.

Ẹ wo obìnrin tó ń din gààrí. Láti àárọ̀ ló ti jókòó ti iná, tó ń fi igbá ro ó nínú agbada; bó bá di alẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ á ti fúyẹ́. Ẹni tó ní MS lè sun oorun àsùnwọra kó sì bá àárẹ̀ jí, láìtíì fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ooru iná yẹn gan-an sì lè dá kún un. Ní 1890, Wilhelm Uhthoff, dókítà ojú ará Jámánì, kọ̀wé pé ojú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣú bí wọ́n bá lo agbára, tí yóò sì tún là bí wọ́n bá sinmi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a wá mọ̀ pé gbígbóná ara ló ń fà á. Nítorí ìbẹ̀rù èyí, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí ìwádìí tó fi hàn pé ìdárayá tó mọ níwọ̀n kì í mú àrùn náà ru, ó sì máa ń dín àárẹ̀ kù.

Èyí ni mo fi dábàá "àárẹ̀ kògbóorun", gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé kògbóògùn. Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ éèdì ni yóò rán àwọn ènìyàn létí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oorun ni èyí kò gbọ́, ó ń gbọ́ ìtọ́jú.

Ní ti èkejì, kí a yọ "eré" kúrò, torí ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ní Ìjẹ̀bú-Igbó yóò ní òun kì í ṣe ọmọdé. "Ìdárayá" tó. Síbẹ̀, "ara rẹ̀ ti yá" tún túmọ̀ sí pé àìsàn ti lọ, ìdárayá kò sì wo MS sàn, nítorí náà kí a kọ èyí gbangba, kí a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà Kánádà ti 2013, fún àwọn àgbàlagbà tí àrùn náà kò tíì sọ di aláìlágbára púpọ̀, ni ìdárayá 30 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti èyí tó ń fún iṣan lágbára lẹ́ẹ̀mejì. Nílẹ̀ wa, kí a fi kún un pé kí wọ́n ṣe é ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú.

Ó ku "iṣan" fúnra rẹ̀, tí a ń lò fún èyí tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ àti èyí tó ń gbé ẹrù. Mo fara mọ́ "iṣan ìmọ̀lára" àti "iṣan ẹran ara", àyàfi bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀.