Allegedly, reportedly, apparently: ibo ni kí n fi wọ́n sí nínú ìròyìn?

Akọ̀ròyìnTuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìròyìn ilé ẹjọ́ àti ti àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Olóòtú máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi ń fi hàn pé nǹkan ò tíì dájú. Létí tèmi, "wọ́n ní" ni gbogbo wọn. Èyí tó dá padà rèé:

"Police allegedly arrested a man who stole a generator on Monday."

Kí ló ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà wọ́n sọ́tọ̀.

YàráÌròyìn:
Ẹ tún un kà. Pé ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Pé ó jí jẹnẹrétọ̀ ni ilé ẹjọ́ ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ẹ wá gbé allegedly ti arrested, ẹ fi stole sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó ti di pé ẹ ń ṣiyèméjì bóyá wọ́n mú un, ẹ sì ti pè é lólè. Ìṣe tí ọ̀rọ̀ yìí bá dúró tì ló máa ń bò:

"Police on Monday arrested a man who allegedly stole a generator."

Mo gbé on Monday kúrò ní ìparí torí pé níbẹ̀, a ò mọ̀ bóyá Monday ni wọ́n mú un ni àbí Monday ló jalè.

Tí ẹ bá fẹ́ mú ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé ta ló sọ ọ́. Allegedly: ẹnì kan fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn. Ìwà àìtọ́ nìkan ló wà fún. Ẹ ò lè kọ pé gómìnà "allegedly opened a school". Reportedly: ìròyìn kan ló gbé e, ẹ ò tíì wádìí rẹ̀ fúnra yín. Tí ẹ bá mọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ kúkú dárúkọ rẹ̀. Apparently: àmì kan wà nílẹ̀, bíi fèrèsé ẹ̀yìn tí wọ́n fọ́: "The thieves apparently entered through the back window." Presumably kò ní àmì, èrò orí lásán ni. Supposedly ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. "The supposedly new road": yẹ̀yẹ́ lẹ ń ṣe yẹn, òǹkàwé sì máa gbọ́ ọ.

GírámàLásán:
Ẹ jẹ́ kí n fi probably kún un. Àárín ọ̀rọ̀ ìṣe ìrànwọ́ àti ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an ló máa ń wọ̀: "The court will probably sit on Friday." Tó bá jẹ́ was nìkan ló wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni: "The driver was probably asleep." Ṣùgbọ́n tí won't tàbí didn't bá dé, ó máa bọ́ síwájú: "He probably won't appear." "It may possibly rain" ń ṣiyèméjì lẹ́ẹ̀mejì lórí òjò kan ṣoṣo, ẹ yọ possibly.

"He will doubtfully come" kò sí rárá, bó tilẹ̀ pọ̀ lẹ́nu wa. Doubtfully ń sọ bí ojú tàbí ohùn èèyàn ṣe rí: "She looked at the receipt doubtfully." Doubtless ní tirẹ̀ ti sún mọ́ "ó dájú". Ti ìṣọ́ra, bíi cautiously àti warily, ẹ̀yìn ìṣe ni wọ́n sábà máa ń wà. Ẹni tó ń ṣọ́ra fún ewu ni cautiously, ẹni tó ń fura ni warily.

Bí wọ́n ṣe wúwo tó kò dọ́gba létí gbogbo èèyàn. Ní 1951, CIA, àjọ aṣọ́nà ìkọ̀kọ̀ ti Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé "serious possibility" ni ìkọlù sí Yugoslavia. Sherman Kent, ọ̀kan nínú wọn, bi àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́ pé mélòó ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìdáhùn wọn lọ láti 20 nínú 100 títí dé 80! Tí nọ́ńbà bá wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ.

OníwìgìFunfun:
Ẹ má gbàgbọ́ pé allegedly máa gbà yín lọ́wọ́ ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Lójú òfin, ẹni tó tún ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ sọ kò yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ohun tó ń gbani ni pé kí ìròyìn ilé ẹjọ́ bá ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ mu, láìṣègbè. Ẹ kọ ẹni tó fẹ̀sùn kàn án, ẹ kọ ẹ̀sùn náà, ẹ sì kọ ohun tí olùjẹ́jọ́ fi dáhùn. Abala 36(5) nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ títí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn.

Akọ̀ròyìnTuntun:
Ẹ ṣé gan-an ni. "The alleged suspect was allegedly seen near the shop" ńkọ́?

YàráÌròyìn:
Ẹ yọ méjèèjì. Afurasí ni lóòótọ́, ọlọ́pàá ló ń fura sí i, kí ni alleged tún ń ṣe níbẹ̀? Èkejì, ta ló rí i? Tó bá jẹ́ ọdẹ ló sọ fún ọlọ́pàá: "A guard told police he saw the suspect near the shop."